Sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì, sílíkọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì ń sán: kí là ń fi dí àárín ilé méjì tó fara kanra?

IléTóŃJò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé wa àti ti alámùúlégbè fara kanra. Kì í ṣe pé a jọ ń lo ògiri kan. Tiwọn dá dúró, tiwa náà dá dúró, àlàfo àárín wọn kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ. Ẹni tó rẹ́ ìta ilé fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kọjá lórí àlàfo náà, ó dán an bí ẹni pé ògiri kan ṣoṣo ni. Kò pé ọdún kan tó fi sán láti òkè délẹ̀, ó tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á.

Mo pe bíríkìlà, ó ha á, ó fi sìmẹ́ǹtì mìíràn dí i. Ó tún sán. Ó padà wá, ó po gọ́ọ̀mù mọ́ sìmẹ́ǹtì. Lọ́tẹ̀ yìí ó wá sán lọ́tùn-ún àti lósì ibi tó dí, ilà kan di méjì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èmi fúnra mi ra túùbù sílíkọ́ọ̀nù kan, mo fi tọ́ ojú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń lé tìróò. Oṣù mẹ́rin péré, ẹ̀gbẹ́ kan ti ń ṣí, mo lè fi èékánná bó o bí èèpo.

Tí òjò bá ti rọ̀ báyìí, omi ń yọ nínú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó sún mọ́ igun yẹn. Ọ̀dà inú ilé ti wú, ó ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa òwe ògiri àti aláǹgbá fún mi o, ìyàwó mi ti pa á tán.

Bíríkìlà Àgbà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ilà tó tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á yẹn ti ro gbogbo ẹjọ́. Ilé méjì tí ìpìlẹ̀ wọn ò pa pọ̀ kì í rìn pọ̀. Oòrùn a máa mú ọ̀kan ju èkejì lọ, ilẹ̀ abẹ́ ọ̀kan a wú nígbà òjò, a sì sún kì nígbà ọ̀dá. Ìrìn náà kéré, ó lè má ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ láti ìgbà òtútù dé ìgbà ooru. Àmọ́ sìmẹ́ǹtì kì í nà. Ẹ gbé ẹrù lé e, á gbà á. Ẹ fà á lápá méjèèjì, ó já nìyẹn.

Ojú ibẹ̀ yẹn, orúnkún ni. Bíríkìlà yín fi sìmẹ́ǹtì di orúnkún, ilé sì fẹ́ rìn. Nígbà tó wá fi gọ́ọ̀mù le sìmẹ́ǹtì náà, ohun tó fi dí ibẹ̀ lágbára ju etí ògiri lọ, ìdí nìyẹn tó fi já lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì dípò àárín. Pípò rẹ̀ dáa. Ibi tó gbé e lọ ni kò dáa.

Ẹ gé sìmẹ́ǹtì tó wà lójú àlàfo náà kúrò pátápátá, láti òkè délẹ̀, títí ẹ ó fi rí àlàfo gidi tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù ilé méjèèjì. Ẹ di imú yín dáadáa kí ẹ tó tan ẹ̀rọ ìgé. Eruku sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, aṣọ lásán ò sì lè dá a dúró. Kí etí ọ̀tún àti tòsì gún régé. Ibi tó bá fọ́, ẹ tún un rẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọjọ́ 28 là ń fún sìmẹ́ǹtì tuntun kí á tó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé kò sí onílé tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 28 yẹn. Ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ óò wá fi gọ́ọ̀mù tó ń nà (èyí tó wà nínú túùbù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì) dí i, inú rẹ̀ lẹ ó sì fi í sí, kì í ṣe kí ẹ fi lé e lójú.

SáréṢeÉ

Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Fóòmù tó ń wú yẹn ńkọ́? Ẹ fọ́n ọn sínú àlàfo, á kún, ẹ gé èyí tó yọ síta, ẹ kun ọ̀dà sí i. Wákàtí kan.

Akunlé

@SáréṢeÉ Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Fóòmù yẹn àti oòrùn ò jọ rẹ́. Fún un ní oṣù díẹ̀ níta, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á gbẹ, ẹ fọwọ́ kàn án báyìí ó ń rún sílẹ̀. Inú ògiri ló mọ̀ ọ́n gbé, níbi tí nǹkan mìíràn ti bo ojú rẹ̀.

Ó wá ku sílíkọ́ọ̀nù onílé. Ṣé ẹ rántí bó ṣe ń rùn lọ́jọ́ tí ẹ fi í? Bó bá ń rùn kíkan bíi fínígà, oríṣi tó ń tu omi kíkan jáde bó ti ń gbẹ ni. Gíláàsì àti táìlì ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Sìmẹ́ǹtì ní ẹfun nínú, kíkan yẹn sì ń jẹ ẹfun, ó ń sọ ibi tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ di ìyẹ̀fun. Ó ń jẹ irin náà. Ìdí tí èékánná yín fi lè bó o nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ràn sílíkọ́ọ̀nù dandan, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ «neutral» sí lára, ìyẹn èyí tí kì í tu omi kíkan jáde. Ó ń nà dáadáa, oòrùn kì í rí i gbé ṣe. Àmọ́ ọ̀dà kì í dúró lórí rẹ̀ láéláé, òróró inú rẹ̀ sì lè yọ sára ògiri, kó fi ilà dúdú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìdí náà, ìyẹn ibi tí ẹ fi gọ́ọ̀mù dí. Èmi tí mò ń kun ilé, mi ò fẹ́ rí i. Àwọn gọ́ọ̀mù mìíràn wà: polyurethane ń di ògiri mú bí eégbọn, ó sì ń gba ọ̀dà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìkùn, oòrùn á sọ èyí tó funfun di pípọ́n. MS polymer ni mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi rà fún ìta: ó ń nà, ó ń gba ọ̀dà, kò rùn. Acrylic olómi tí à ń fi dí ẹsẹ̀ ògiri nínú ilé, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ilé. Bó bá ń gbẹ ló ń sún kì, bí òjò bá sì bá a kó tó gbẹ, omi á gbé e lọ.

Ohun kan ṣì wà. Ọ̀dà kì í nà tó gọ́ọ̀mù. Ẹ̀ ń kun ojú ìdí náà, ọ̀dà á sán wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀, ẹ ó wá rò pé gọ́ọ̀mù ló sán. Ẹ ra àwọ̀ tó jọ ti ògiri, kí ẹ má kùn ún rárá.

Oníìbọn

(Ìbọn gọ́ọ̀mù ni o, ẹ má sá.) Iṣẹ́ dídí ojú àlàfo ni mo fi ń jẹun. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà ni mo fẹ́ sọ: ohun tó wà lẹ́yìn gọ́ọ̀mù.

Ẹ mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di ìwé. Ẹ fà á lápá méjèèjì, ó ń nà. Ẹ wá fi gílúù lẹ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ pákó méjì tó fẹnu kora, kí ẹ rọra fa àwọn pákó náà kúrò lára ara wọn. Rọ́bà kò ráyè nà mọ́. Ìwọ̀nba bíńtín tó wà lórí ẹnu tó ń là yẹn ló ń jẹ gbogbo ìyà, ibẹ̀ ló máa ti já. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ kún inú àlàfo títí tó fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀tún àti òsì ló yẹ kó dì mú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà.

Okùn fóòmù là ń fi sẹ́yìn. Rọ́gọdọ ni, ó gùn bí okùn, kò wúwo, gọ́ọ̀mù kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ó sanra ju àlàfo lọ ní nǹkan bí ìdámẹ́rin, kó lè há. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí ìṣó tì í wọlé o. Bí ẹ bá gún un lójú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa tú sínú gọ́ọ̀mù, ojú ìdí yín á lé ròrò. Èmi gé pákó pẹlẹbẹ kan tí mo fi ń tì í, mo kan pákó kékeré mìíràn mọ́ ọn bí èjìká, tí èjìká yẹn bá ti kan ògiri, mo mọ̀ pé okùn ti dé ibi tí mo fẹ́. Bí àlàfo kò bá jìn tó láti gba okùn, téèpù tí gọ́ọ̀mù ò lè lẹ̀ mọ́ la máa ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìjìnlẹ̀ gọ́ọ̀mù, ìdajì ìbú rẹ̀. Kí ó má dín ní mìlímítà 6. Ẹni tó bá ń kì í jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ ń náwó láti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ ni, nítorí gọ́ọ̀mù tó ki kì í nà bí èyí tó fẹ́lẹ́.

@IléTóŃJò, báwo ni àlàfo yẹn ṣe fẹ̀ tó, báwo ni ògiri ṣe ga tó?

IléTóŃJò

Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n níbi tí mo ti ṣí díẹ̀: mìlímítà 12 lókè, 18 nísàlẹ̀. Ògiri ga tó mítà 6. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rùn kíkan. Ó rùn débi pé ọmọ mi béèrè ohun tí mò ń sè.

Ìbéèrè kan: kí ló dé tí mi ò kàn fi gọ́ọ̀mù olówó gọbọi dí ilà tó sán yẹn bó ṣe wà, láìgé nǹkan kan? Ilà náà ò ju mìlímítà 3 tàbí 4 lọ lójú.

Oníìbọn

Ìbéèrè tó dáa. Ẹ wo ara túùbù gọ́ọ̀mù, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 25. Ìyẹn ni pé ó lè nà tàbí kó sún kì ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú ibi tí ẹ fi í sí. Bí ilé yín bá rìn mìlímítà 2, tí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù sínú ilà tó jẹ́ mìlímítà 4, ìdajì ìbú rẹ̀ lẹ ń ní kó nà. Kò lè ṣe é. Ẹ fi gọ́ọ̀mù kan náà sínú àlàfo mìlímítà 12, ìrìn kan náà kò tó ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ìdí tí a fi ń gé àlàfo fẹ̀ ká tó dí i nìyẹn, bó tilẹ̀ ń dun onílé.

Tiyín: òkè, okùn mìlímítà 15, gọ́ọ̀mù jìn 6. Ìsàlẹ̀, okùn bíi 22, gọ́ọ̀mù jìn 9. Ẹ ka ìbú gbogbo rẹ̀ sí 15 àti ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sí 7.5, túùbù 300 mílílítà á lọ tó mítà 2.6. Túùbù mẹ́ta ni fún mítà 6, kí ẹ fi ọ̀kan kún un nítorí ọwọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Sílíkọ́ọ̀nù tí ẹ ti fi síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò tán. Kì í ṣe fífà yọ nìkan. Kò sí nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ àbọ́kù sílíkọ́ọ̀nù, àti sílíkọ́ọ̀nù tuntun náà kì í fẹ́ ẹ. Ẹ fi ẹ̀rọ ha etí ògiri títí ẹ ó fi rí sìmẹ́ǹtì tuntun, ẹ gbá eruku, ẹ tún un gbá. Eruku ni ọ̀tá wa jù nínú iṣẹ́ yìí: gọ́ọ̀mù á lẹ̀ mọ́ eruku, eruku á sì kúrò lára ògiri. Ẹ ka ara túùbù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ kun púráímà (ohun tí wọ́n ń kùn ṣáájú kí gọ́ọ̀mù lè lẹ̀) sí ojú tó ń mu omi, ẹ kùn ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Téèpù bébà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ gé ẹnu túùbù kó tó ìbú àlàfo. Ẹ tẹ ìbọn láìdáwọ́ dúró, kí gọ́ọ̀mù máa kún láti inú bọ̀ wá síta. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tàbí igi tí ẹnu rẹ̀ yípo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Títẹ̀ yẹn kì í ṣe fún ẹwà, òun ló ń mú kó di ògiri mú. Ẹ má fi itọ́ tọ́ ìka, ẹ má fi omi ọṣẹ. Ẹ bó téèpù kí ojú gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gbẹ, láti ojú wọ inú, bíi mìlímítà 2 sí 3 lóòjọ́.

Ẹ má ṣe é ní ọ̀sán gangan tí ògiri gbóná. Lákòókò yẹn ògiri ti wú, àlàfo há jù. Bí alẹ́ bá lẹ́, á ṣí, á sì máa fa gọ́ọ̀mù tí kò tíì gbẹ. Ìgbà tí kò tutù tí kò gbóná ló dáa jù.

AwòÌpìlẹ̀

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan há àárín. Kí ẹ tó gé nǹkan kan, ẹ rí i dájú pé orúnkún ni, kì í ṣe pé ilé ń rì. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ilà kan kọjá lórí ibi tó sán, níbi mẹ́ta, ẹ kọ ọjọ́ àti ìbú rẹ̀ sí i, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Bó bá ń ṣí tó sì ń padà bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá ń ṣí tí kì í padà, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan ń ga ju èkejì lọ, tàbí tí ilà mìíràn ń gun búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, gọ́ọ̀mù kọ́ lẹ nílò. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀.

Ẹ bá alámùúlégbè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ìdajì ojú ìdí yẹn, ara ògiri wọn ló máa lẹ̀ mọ́.

ỌmọFèrèsé

Ẹ̀yin àgbà ti sọ ti àárín ilé. Ẹ jẹ́ kí n gba ti fèrèsé, torí omi tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lè má mọ nǹkan kan nípa àlàfo yẹn.

Férémù àti ògiri kì í wú bákan náà. Ẹ mú férémù tó gùn ní mítà 2, kí oòrùn fi ìwọ̀n 30 lórí Celsius mú un gbóná. Ti ike PVC á gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 4, ti alumíníọ̀mù bíi 1.4, ògiri sìmẹ́ǹtì kò ní ju 0.7 lọ. Ẹni tó bá rẹ́ sìmẹ́ǹtì kan férémù gbagbaagba, ọdún àkọ́kọ́ ni ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yí férémù ká. Ilà yẹn tún burú ju èyí tó fẹ̀ lọ, nítorí ó fẹ́lẹ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fa omi wọlé, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo.

Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín férémù àti sìmẹ́ǹtì, kí ẹ dí i bí Oníìbọn ṣe ṣàlàyé. Bí kò bá sí àyè, tó jẹ́ pé igun lẹ fẹ́ fi gọ́ọ̀mù sí, kí ó di férémù mú ní mìlímítà 6 ó kéré tán, kí ó di ògiri mú ní 6, kí téèpù tí kò lẹ̀ sì wà ní kọ̀rọ̀ igun náà. Gọ́ọ̀mù tínínrín tí ẹ fi ìka fà sí igun, ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ fèrèsé náà. Ó yẹ kó dagun síta, kó yọ kọjá ojú ògiri, kí ilà kan sì jìn sí abẹ́ rẹ̀. Omi fẹ́ràn àtimáa rìn lábẹ́ nǹkan padà sára ògiri. Tó bá dé ilà yẹn, á já bọ́. Mo ti rí ilé tí akunlé fi pọ́tì dí ilà náà, ó ní ó burẹ́wà.

Akunlé

Kì í ṣe èmi o.

ÌyáÌbejì

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Lọ́dún kan, fèrèsé yàrá àwọn ọmọ ń jò. Inú bí mi, mo ra gọ́ọ̀mù, mo dí gbogbo nǹkan tó bá ti jọ ihò. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́, nísàlẹ̀. Mo rí ihò gbọọrọ wẹ́wẹ́ méjì lábẹ́ férémù níta, mo ní «ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá», mo dí wọn pa.

Òjò tó tẹ̀ lé e, omi kún ojú irin tí gíláàsì ń rìn lórí rẹ̀ títí ó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àṣé ihò yẹn ni omi ń gbà jáde! Fèrèsé a máa gba omi díẹ̀ sínú ara rẹ̀, ihò yẹn ló ń dá a padà síta. Ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ gọ́ọ̀mù kúrò nínú ihò lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi ń tan iná sí mi.

ỌmọFèrèsé

Ìyá wa, ẹ ò dá wà. Bí mo bá dé ilé tí fèrèsé ti ń jò, ihò yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò.

IléTóŃJò

Mo ti lọ wo tiwa, ihò méjèèjì ṣí, àfi aláǹtakùn tó ń gbé nínú ọ̀kan. Ilà méjì mìíràn tún wà tó gba igun òkè fèrèsé lọ gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀. Ṣé ìyẹn náà nílò gọ́ọ̀mù?

Bíríkìlà Àgbà

Ìyẹn yàtọ̀. Igun fèrèsé ni gbogbo wàhálà ògiri máa ń kóra jọ sí. Ẹ gé ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ tẹ́ àwọ̀n tí sìmẹ́ǹtì ò lè jẹ sínú ìrẹ́ tuntun, ní gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀, kó dábùú ilà náà. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é látìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé ẹ̀rọ ìgé o. Ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé ná. Omi lè wọlé níbì kan kó rin mítà mẹ́ta kó tó yọjú. Ẹ mú rọ́bà omi, kí ẹnì kan dúró sínú yàrá pẹ̀lú iná. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lókè, torí omi òkè á ṣàn gba ibi gbogbo, ẹ ò ní mọ èyí tó jò. Ẹ da omi sí ìsàlẹ̀ fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó máa ṣàn jẹ́jẹ́, ẹ má fi ipá fọ́n ọn. Kò yọ? Ẹ gòkè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò yọ? Ẹ lọ sí orí rẹ̀, ẹ wá gba ojú àlàfo lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gun àkàbà, bí ibi tí orí rẹ̀ kàn bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà kan.

IléTóŃJò

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. A ṣe é lónìí. Ìsàlẹ̀ fèrèsé, gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbẹ. Orí fèrèsé, gbẹ. Àlàfo títí dé àárín ògiri, ọ̀rinrin díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo gbé rọ́bà dé orí ògiri tó yọ sókè ju òrùlé lọ, níbi tí ti àwọn alámùúlégbè àti tiwa ti pàdé. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìyàwó mi ń pariwo nínú yàrá.

Mo gun òkè lọ wò ó. Ẹnu àlàfo náà la gbayawu sí ojú ọ̀run. Mo rí ewé gbígbẹ nínú rẹ̀.

Bíríkìlà Àgbà

Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò bá dí ojú rẹ̀ bí igbá, orí rẹ̀ ni omi ń bá wọlé. Tí ẹ bá tilẹ̀ dí ojú rẹ̀ láìbo orí rẹ̀, omi á kún ẹ̀yìn gọ́ọ̀mù.

Ẹ fi páànù alumíníọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ bo orí ògiri méjèèjì, kó dagun, kó sì yọ kọjá etí ògiri. Ìṣó tàbí ìdè, ara ògiri kan ṣoṣo ni kí ẹ kàn án mọ́. Kó kàn gùn lé èkejì ni, kó lè máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀. Ẹ kàn án mọ́ méjèèjì, ẹ tún ti fi páànù di orúnkún nìyẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀, ẹ fi ihò kékeré kan sílẹ̀ nínú ojú ìdí náà, kí omi tó bá ráyè wọ ẹ̀yìn rí ọ̀nà jáde.

SáréṢeÉ

Ẹ̀yin èèyàn yìí, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Mo lọ wo fóòmù tí mo fọ́n sí àgbàlá wa. Ó ti ń rún.

IléTóŃJò

Mo padà dé. Àwọn alámùúlégbè gbà, ọkọ ilé náà ló bá mi di àkàbà mú. Páànù ni a kọ́kọ́ fi bo òkè. Etí ògiri fọ́ níbi mẹ́rin, a tún un rẹ́, mo sì ka ọjọ́ 28 bí ẹni ń ka ọjọ́ ìbímọ. MS polymer ni mo rà, àwọ̀ eérú. Mítà kan àkọ́kọ́ burú jáì, mo yọ ọ́, mo tún un ṣe, túùbù kẹrin tí Oníìbọn ní kí n rà ló sì yọ mí. Nígbà tí mo dé mítà kẹta ni ọwọ́ mi wá mọ̀ ọ́n: kì í ṣe kí èèyàn fa ìbọn, kó máa tì í síwájú ni, kí gọ́ọ̀mù máa yí lọ níwájú ẹnu túùbù.

Òjò ńlá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹ̀kán omi kan. Ọ̀dà inú yàrá ló kù báyìí. Akunlé, ìgbà wo ni mo lè kùn ún?

Akunlé

Ẹ ha ọ̀dà tó wú kúrò kí ògiri lè mí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ gé ọ̀rá tó tó ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ méjì, ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ wò ó ní ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má kùn ún.

IléTóŃJò

Mo wò ó láàárọ̀ yìí. Ìrì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igun kan ṣoṣo ni. Mo ti gbé garawa ọ̀dà pa mọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn.